B. F. Skinner

Burrhus Frederic Skinner, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí B. F. Skinner (20 oṣù Kẹta ọdún 1904 – 18 oṣù Kẹjọ ọdún 1990), jẹ́ onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì, olùwádìí àti òǹkọ̀wé ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Harvard láti ọdún 1948 títí ó fi fẹ̀yìntì ní ọdún 1974. Òun ni ó fi ẹsẹ̀ ẹ̀kọ́ kan múlẹ̀ tí ó sọ pé àtubọ̀tán ìwà ni ó ń pinnu bóyá ẹ̀dá yóò tún hu irú ìwà bẹ́ẹ̀ tàbí yóò jáwọ́ nínú rẹ̀. Láti inú ẹ̀kọ́ yìí ni àmúlò ìtúpalẹ̀ ìhùwàsí, tí a ń pè ní ABA, ti jáde wá. ABA jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà tí a ń lò jù láti kọ́ àwọn ọmọ tí ó ní ọ́tísíìmù, ó sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí àríyànjiyàn pọ̀ lé lórí jù. Eku àti ẹyẹlé ni Skinner fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ wádìí. Àwọn tí ó tẹ̀lé e ni ó gbé ìmọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé.

Ìgbà èwe àti ẹ̀kọ́

A bí Skinner ní Susquehanna, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania tí iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin gbilẹ̀ sí. Agbẹjọ́rò ni bàbá rẹ̀, William Skinner. Ìyá rẹ̀ ń jẹ́ Grace Burrhus. Orúkọ ìdílé ìyá yìí ni wọ́n fi ṣe orúkọ àkọ́kọ́ fún ọmọ náà, ṣùgbọ́n Fred ni àwọn ojúlùmọ̀ rẹ̀ máa ń pè é. Láti kékeré ni ọwọ́ rẹ̀ kì í ti í dilẹ̀. Ó ń kan kẹ̀kẹ́ ẹrù, ó ń kan pákó tí ó lè léfòó lórí omi. Nígbà tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ń ká èso inú igbó tà láti ilé dé ilé, ó ṣe ohun èlò kan tí ó ń fi omi ya èyí tí ó pọ́n kúrò lára èyí tí kò tíì pọ́n. Ọgbọ́n ọwọ́ yìí ni ó wá lò lẹ́yìn ọ̀la láti ṣe gbogbo ẹ̀rọ tí ó fi ṣe ìwádìí.

Àbúrò ọkùnrin kan ṣoṣo ni ó ní, Edward. Ní ọdún 1923, nígbà tí Skinner wà ní ọdún kìíní ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ó sì wá kí àwọn òbí rẹ̀ nílé, ẹ̀jẹ̀ ya sí ọpọlọ Edward lójijì, ó sì kú ní ọmọ ọdún 16.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì Hamilton ní ìpínlẹ̀ New York ni Skinner ti kẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ó wù ú ni láti di òǹkọ̀wé. Akéwì Robert Frost ka àwọn ìtàn kúkúrú rẹ̀, ó sì kọ lẹ́tà sí i láti gbà á níyànjú. Nígbà tí ó gboyè ní ọdún 1926, ó padà sí ilé àwọn òbí rẹ̀, tí wọ́n ti kó lọ sí Scranton, ó ṣètò yàrá ìkọ̀wé kan sí òkè àjà, ó sì jókòó tì í. Oṣù ń gorí oṣù, kò rí ohun gidi kan kọ. Ó parí èrò sí pé òun kò ní ohun pàtàkì kan tí òun fẹ́ sọ, ó sì máa ń pe àkókò náà ní ọdún òkùnkùn.

Àsìkò yìí náà ni ó ka ìwé Bertrand Russell, èyí tí ó darí rẹ̀ sí iṣẹ́ John B. Watson. Ohun tí Watson ń jà fún ni pé kí sàíkọ́lọ́jì fi ohun tí ó fara sin sínú ọkàn sílẹ̀, kí ó máa wádìí ìwà tí ojú lè rí tí a sì lè wọ̀n. Skinner tún ka iṣẹ́ Ivan Pavlov, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Rọ́ṣíà. Ní ọdún 1928, ó wọ Harvard láti kọ́ sàíkọ́lọ́jì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì fi bẹ́ẹ̀ ní ìmọ̀ nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1931, ó sì dúró níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùwádìí títí di ọdún 1936.

Àpótí Skinner

Pavlov ti fi hàn pé ajá lè kọ́ láti máa da itọ́ bí ó bá gbọ́ ìró kan tí ó máa ń ṣáájú oúnjẹ. Nínú irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, ohun tí ó ṣáájú ni ó ń fa ìwà jáde. Skinner wòye pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun tí ẹ̀dá ń ṣe ní ojoojúmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dá a máa rìn, a máa sọ̀rọ̀, a máa ṣílẹ̀kùn, láìsí ìró tàbí ìmọ́lẹ̀ kan tí ó fipá mú un. Ohun tí ó ń tẹ̀lé irú ìwà wọ̀nyí ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́ gbòǹgbò wọn.

Láti dán èyí wò, ó kan àpótí kan tí ó ní ọ̀pá kékeré lára ògiri inú rẹ̀. Bí eku tí ó wà nínú rẹ̀ bá tẹ ọ̀pá náà, hóró oúnjẹ kan yóò já bọ́. Ó so ẹ̀rọ mìíràn mọ́ àpótí yìí, èyí tí ó ń fa ìlà lórí bébà tí ó ń yí lọ. Ìlà náà ń gòkè díẹ̀ nígbàkígbà tí eku bá tẹ ọ̀pá, débi pé ojú lásán lè rí i bí ẹranko náà ṣe ń yára tàbí bí ó ṣe ń lọ́ra.

Èèṣì wà lára ohun tí ó ràn án lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kan, ibi tí oúnjẹ ń gbà jáde há. Eku ń tẹ ọ̀pá, oúnjẹ kò jáde. Ó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ lemọ́lemọ́, lẹ́yìn náà ó ń dín in kù díẹ̀díẹ̀ títí ó fi jáwọ́. Báyìí ni Skinner ṣe kọ́kọ́ rí àwòrán bí ìwà ṣe ń parẹ́ nígbà tí èrè rẹ̀ bá dáwọ́ dúró. Ní ọjọ́ mìíràn, hóró oúnjẹ tí ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe fẹ́ tán, ni ó bá dín in kù, tí ó fi jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo ìgbà tí eku bá tẹ ọ̀pá ni oúnjẹ ń jáde mọ́. Dípò kí eku rẹ̀wẹ̀sì, kò dáwọ́ dúró. Èyí ni ìpìlẹ̀ ìwádìí ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí òun àti Charles Ferster gbé jáde nínú ìwé Schedules of Reinforcement ní ọdún 1957. Ó fi hàn pé èrè tí ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí a kò sì lè mọ ìgbà tí yóò dé, ni ó ń mú kí ìwà le jù láti parẹ́. Ìdí nìyí tí ó fi ṣòro fún atatẹ́tẹ́ láti jáwọ́.

Àwọn kókó ẹ̀kọ́ rẹ̀

Ìwé The Behavior of Organisms, tí ó jáde ní ọdún 1938, ni Skinner ti kọ́kọ́ to ẹ̀kọ́ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ohun mẹ́ta ni ó ní kí a máa wò: ohun tí ó ṣáájú ìwà, ìwà náà gan-an, àti àtubọ̀tán rẹ̀.

Ìfúnlókun ni orúkọ tí a lè fún àtubọ̀tán tí ó ń mú kí ìwà máa wáyé sí i. Ọ̀nà méjì ni ó pín sí. Nínú ti àkọ́kọ́, ohun kan ni a fi kún un, bí oúnjẹ tàbí ìyìn. Nínú ti èkejì, ohun tí ń ni ẹ̀dá lára ni a mú kúrò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣi irú ìfúnlókun kejì yìí pè ní ìjìyà, ṣùgbọ́n òdìkejì ìjìyà ni, nítorí pé ó ń fi kún ìwà ni. Àpẹẹrẹ kan lè jẹ́ kí méjèèjì yéni. Bí ọmọ kan bá ń sunkún lọ́jà tí ìyá rẹ̀ sì ra súìtì fún un, ẹkún ọmọ ti gba okun nítorí súìtì tí ó rí. Ìyá náà ti gba ìfúnlókun tirẹ̀, nítorí pé ariwo tí ń dà á láàmú ti dáwọ́ dúró. Ó ṣeé ṣe kí ó tún ra súìtì lọ́la.

Píparẹ́ ni kí ìwà máa dín kù nígbà tí àtubọ̀tán tí ó ń gbé e ró kò bá wá mọ́. Kí ó tó dín kù, ó sábà máa ń kọ́kọ́ le sí i fún ìgbà díẹ̀, bí ti eku tí oúnjẹ rẹ̀ há. Ẹni tí kò bá mọ èyí lè rò pé ọ̀nà náà kò ṣiṣẹ́.

Mímọ ìwà ni ọ̀nà tí a ń gbà kọ́ ẹ̀dá ní ohun tí kò ṣe rí. Bí amọ̀kòkò ṣe ń mọ amọ̀ díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ yóò kọ́kọ́ san èrè fún ohunkóhun tí ó bá fi díẹ̀ jọ ohun tí ó ń fẹ́, lẹ́yìn náà fún èyí tí ó jọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí ìwà náà yóò fi pé.

Ní ti ìjìyà, Skinner kò fara mọ́ ọn. Ó gbà pé ìjìyà lè dá ìwà dúró lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kì í kọ́ni ní ohun tí ó yẹ kí a ṣe dípò rẹ̀, ó sì máa ń bí ìbẹ̀rù, ìsásẹ́yìn àti ìbínú.

Minnesota àti ìgbà ogun

Ní ọdún 1936, Skinner fẹ́ Yvonne Blue, ó sì lọ ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Minnesota. Wọ́n bí ọmọbìnrin méjì, Julie ní ọdún 1938 àti Deborah ní ọdún 1944.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó dá iṣẹ́ ìwádìí kan sílẹ̀ láti kọ́ ẹyẹlé bí yóò ṣe máa darí àdó olóró sí ibi tí a fẹ́ kí ó bọ́ sí. Ẹyẹ náà yóò máa sọ ẹnu mọ́ àwòrán ibi náà lórí gíláàsì, sísọ ẹnu yìí ni yóò sì máa tọ́ àdó náà. Àwọn ẹyẹlé náà kọ́ iṣẹ́ wọn dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ kò gbẹ́kẹ̀ lé wọn, wọ́n sì fòpin sí iṣẹ́ náà ní ọdún 1944. Síbẹ̀, òkè ilé ìlọ̀yẹ̀fun kan ní Minneapolis tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ yìí ni Skinner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara wọn mọ ìwà ẹyẹlé, ní ọdún 1943. Ẹyẹlé kan kọ́ láti máa fi ẹnu gbá bọ́ọ̀lù kékeré láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ bí Deborah, Skinner ṣe ibùsùn kan tí ó ní fèrèsé gíláàsì, tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ọmọ lè máa sùn láìsí aṣọ púpọ̀ lára. Ìwé ìròyìn Ladies' Home Journal gbé ìtàn rẹ̀ jáde ní ọdún 1945. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń pa ibùsùn yìí pọ̀ mọ́ àpótí eku, tí àhesọ sì ń tàn kálẹ̀ pé orí ọmọ náà dàrú, tàbí pé ó pa ara rẹ̀. Irọ́ ni. Deborah dàgbà, ó di oníṣẹ́ ọnà ní London, ó sì kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn ní ọdún 2004 láti já àhesọ náà.

Ìpadàbọ̀ sí Harvard

Skinner di olórí ẹ̀ka sàíkọ́lọ́jì ní Yunifásítì Indiana ní ọdún 1945, ó sì padà sí Harvard ní ọdún 1948. Ọdún yìí náà ni ìtàn àròsọ rẹ̀, Walden Two, jáde, nípa àwùjọ kékeré kan tí a fi ìlànà ìfúnlókun ṣètò.

Ní ọdún 1953, ó lọ wo kíláàsì ìṣirò tí Deborah wà. Ó rí i pé àwọn ọmọ kan ti parí iṣẹ́ wọn tí wọ́n kàn jókòó lásán, àwọn mìíràn kò mọ ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀, kò sì sí èyí tí yóò mọ̀ bóyá òun gbà á títí di ọjọ́ kejì. Láìpẹ́, ó ṣe ẹ̀rọ ìkọ́ni kan tí ó pín ẹ̀kọ́ sí wẹ́wẹ́, tí ó ń sọ fún ọmọ lójú ẹsẹ̀ bóyá ìdáhùn rẹ̀ tọ̀nà, tí ó sì jẹ́ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa lọ bí agbára rẹ̀ ṣe tó.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ nípa èdè

Nínú ìwé Verbal Behavior ti ọdún 1957, Skinner gbé èdè yẹ̀ wò gẹ́gẹ́ bí ìwà láàárín àwọn ìwà mìíràn. Kì í ṣe ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ nìkan ni ó fi pín in, bí kò ṣe iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ ń ṣe. Ọmọ tí ó sọ pé omi nítorí pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ ń béèrè. Èyí tí ó sọ pé omi nítorí pé ó rí odò ń dárúkọ. Èyí tí ó sọ ọ́ nítorí pé ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ ń ṣàfarawé. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n ìwà mẹ́ta ni, ọmọ tí ó mọ ọ̀kan kò sì fi dandan mọ èkejì.

Ní ọdún 1959, onímọ̀ èdè Noam Chomsky kọ àtúnyẹ̀wò gígùn lórí ìwé náà nínú jọ́nà Language. Ó ní àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ní ìtumọ̀ pàtó nínú àpótí eku di ọ̀rọ̀ tí kò ní ìwọ̀n mọ́ nígbà tí a bá fi wọ́n ṣàlàyé èdè, àti pé ìfúnlókun kò lè ṣàlàyé bí ọmọdé ṣe ń sọ gbólóhùn tí kò gbọ́ rí. Àtúnyẹ̀wò yìí wà lára ohun tí ó yí ojú ọ̀pọ̀ onímọ̀ èdè kúrò lọ́dọ̀ Skinner. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń kọ́ ọmọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀ ṣì ń lo ìpínsísọ̀rí rẹ̀. Wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí bíbéèrè, nítorí pé ọmọ máa ń rí èrè ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbà kíákíá.

Ipa rẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tí ó ní ọ́tísíìmù

Leo Kanner ṣàpèjúwe ọ́tísíìmù ní ọdún 1943. Fún bí ogún ọdún lẹ́yìn náà, àwọn onímọ̀ kan ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru ìyá ọmọ, wọ́n ní àìnífẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ó fà á. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni a kó sí ilé ìtọ́jú láìsí ẹ̀kọ́ kankan. Charles Ferster, ẹni tí ó bá Skinner kọ̀wé, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi hàn, ní ọdún 1961, pé àwọn ọmọ wọ̀nyí lè kọ́ ohun tuntun nípasẹ̀ ìfúnlókun.

Ní ọdún 1964, Montrose Wolf, Todd Risley àti Hayden Mees tẹ ìròyìn jáde nípa ọmọkùnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́ta àbọ̀, ní ìpínlẹ̀ Washington. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún un, bí kò bá sì lo awò ojú, yóò fọ́jú. Kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi awò kan ojú rẹ̀, ó sì máa ń ṣe ara rẹ̀ léṣe nígbà tí inú bá bí i. Àwọn olùwádìí náà bẹ̀rẹ̀ láti orí férémù lásán tí kò ní gíláàsì. Bí ó bá mú un dání, wọ́n á fún un ní nǹkan jẹ. Bí ó bá gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n á tún fún un. Nígbà tí èyí kò yá tó, wọ́n fi oúnjẹ rẹ̀ gan-an ṣe èrè. Níkẹyìn ó ń lo awò náà ní gbogbo ọjọ́, ó sì padà sílé lọ bá àwọn òbí rẹ̀.

Ní ọdún 1968, Wolf, Risley àti Donald Baer, ní Yunifásítì Kansas, kọ àpilẹ̀kọ tí ó sọ ohun tí àmúlò ìtúpalẹ̀ ìhùwàsí jẹ́, nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́ jọ́nà tí a dá sílẹ̀ fún un. Wọ́n ní ìwà tí a ń kọ́ni gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí yóò ṣe ẹni náà láǹfààní, a gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n, ó sì gbọ́dọ̀ hàn kedere pé ẹ̀kọ́ náà ni ó mú ìyípadà wá.

Bí ọ̀nà yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ kò lọ́jú pọ̀. Bí a bá fẹ́ kọ́ ọmọ ní fífọ ọwọ́, a ó pín iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́: ṣíṣí ẹ̀rọ omi, rírẹ ọwọ́, mímú ọṣẹ, fífi ọwọ́ ra ọwọ́, ṣíṣan án, nínù ún. Olùkọ́ lè kọ́kọ́ di ọwọ́ ọmọ mú, kí ó wá máa nawọ́ sí i lásán, kí ó sì dáwọ́ ìrànlọ́wọ́ dúró díẹ̀díẹ̀. Ó ń yìn ín lórí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kọ ohun tí ọmọ lè dá ṣe sílẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ìwà kan bá ń pa ọmọ lára, a kì í sáré dá a dúró kí a tó mọ ohun tí ọmọ ń rí gbà níbẹ̀. Ọmọ tí ń gbá orí mọ́lẹ̀ kí iṣẹ́ tí ó le lè kúrò níwájú rẹ̀ nílò láti kọ́ bí a ṣe ń sọ pé òun fẹ́ sinmi.

Àríwísí

Ẹni tí ó gbé ABA dé ojú ayé jù ni Ivar Lovaas, ọmọ ilẹ̀ Norway tí ó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì California ní Los Angeles. Ní ọdún 1987, ó ròyìn pé nínú ọmọ 19 tí a kọ́ ní nǹkan bíi wákàtí 40 lọ́sẹ̀, 9 ni ó di ẹni tí ń kẹ́kọ̀ọ́ ní kíláàsì gbogbo ọmọ láìní ìrànlọ́wọ́ pàtàkì. Ìròyìn náà fún ọ̀pọ̀ òbí ní ìrètí. Àwọn onímọ̀ mìíràn ṣàkíyèsí pé a kò fi kèké pín àwọn ọmọ sí ìsọ̀rí, nítorí náà a kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ọ̀nà náà nìkan ni ó fa àbájáde yẹn. Bákan náà, Lovaas lo ìjágbe àti ìgbátí, àní iná mànàmáná nínú àwọn ìwádìí rẹ̀ ìṣáájú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Skinner ti kìlọ̀ nípa ìjìyà láti ọjọ́ pípẹ́.

Àwọn àgbàlagbà tí ó ní ọ́tísíìmù ti fi ẹ̀sùn mìíràn kún un. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní wọ́n kọ́ àwọn láti fi ara pamọ́, láti máa wo ojú ẹni bí ó tilẹ̀ ń ni wọ́n lára, àti láti pa ọwọ́ mì, èyí tí ń fún wọn ní ìfọ̀kànbalẹ̀, tì. Ìbéèrè wọn ni pé ta ni ó ń yan ìwà tí a ó yí padà, àti nítorí ta ni. Nítorí irú àríwísí yìí, ọ̀pọ̀ olùkọ́ ABA ti fi ìjìyà sílẹ̀, wọ́n ń kọ́ ọmọ nínú eré, wọ́n sì ń tẹ̀lé ohun tí ó wu ọmọ. Síbẹ̀ àríyànjiyàn náà kò tíì parí.

Ìbéèrè yìí jọ èyí tí wọ́n bi Skinner nígbà ayé rẹ̀. Nínú ìwé Beyond Freedom and Dignity ti ọdún 1971, ó sọ pé òmìnira tí ènìyàn rò pé òun ní kò rí bí a ṣe rò ó, nítorí pé àyíká ni ó ń darí ìwà, ó sì sàn kí a ṣètò àyíká náà tọgbọ́ntọgbọ́n. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bínú sí ìwé yìí, wọ́n rí i bí ọ̀nà tí àwọn alágbára lè gbà máa darí aláìlágbára.

Ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀

Skinner gba àmì ẹ̀yẹ sáyẹ́ǹsì ti orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ní ọdún 1968. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1990, nígbà tí jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ti sọ ọ́ di aláìlágbára, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì Amẹ́ríkà fún un ní àmì ẹ̀yẹ fún iṣẹ́ gbogbo ayé rẹ̀. Ó dìde, ó sọ̀rọ̀ láìwo ìwé kankan, ó sì tún ta ko àwọn tí ń wá ìdí ìwà sínú ọkàn. Ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ní 18 oṣù Kẹjọ, ó kú ní Cambridge, Massachusetts, ní ẹni ọdún 86. Títí di òpin ni ó fi ń ṣàtúnṣe àpilẹ̀kọ tí ó mú jáde láti inú ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n sin ín sí itẹ́ òkú Mount Auburn.